Àkísà Àgbà: Ọ̀rọ̀ Lórí Jupp Heynckes

(Ọ̀rọ̀ àsọyé tí mo sọ níwájú àwọn akọ́nimọ̀ọ́gbá bọ́ọ̀lù ọmọdé àti àwọn òbí ní Ṣàgámù. Bí mo ṣe sọ ọ́ náà ni mo kọ ọ́ sílẹ̀, àfi ibi tí jẹnẹrétọ̀ ti bo ohùn mi mọ́lẹ̀.)

Alága wa, ẹ̀yin àgbà tó jókòó síwájú, ẹ̀yin akọ́nimọ̀ọ́gbá ẹgbẹ́ mi, ẹ̀yin òbí tó fi ọjà àti oko sílẹ̀ wá síbí, àti ẹ̀yin ọmọ wa tó gbé bàtà bọ́ọ̀lù kọ́rùn sẹ́yìn níbẹ̀ yẹn, mo kí gbogbo yín pátá. Ẹ kú ìjókòó. Ẹ kú oòrùn. Ìjókòó wa á tù wá lára o.

Nígbà tí àwọn tó ṣètò ìpàdé yìí pè mí, wọ́n ní kí n wá sọ̀rọ̀ lórí akọ́nimọ̀ọ́gbá kan tí a lè fi ṣe àwòkọ́ṣe. Mo mọ ibi tí ọkàn wọn ń lọ. Wọ́n rò pé Guardiola ni n ó mú wá, tàbí Mourinho. Mo ní ará Jámánì kan ni, bàbá àgbà kan tó ti fẹ̀yìn tì sí abúlé pẹ̀lú ìyàwó àti ajá rẹ̀. Jupp Heynckes lorúkọ rẹ̀. Ẹnìkan lára wọn ní, "Tíṣà, ta nìyẹn?"

Ó dáa. Ta nìyẹn?

Ṣé ẹ mọ David Alaba? Wọ́n bí i sí Vienna ní Austria lọ́dún 1992, ṣùgbọ́n Ògèrè Rẹ́mọ ni bàbá rẹ̀ ti wá. Ògèrè yìí náà o, tó jẹ́ pé bí ẹ bá wọkọ̀ níwájú ibi tí a jókòó sí yìí, kí kọ̀ńdọ́ tó ṣẹ́ owó yín tán, ẹ ti débẹ̀. Ọlátòkunbọ̀ wà nínú orúkọ rẹ̀. Àlàbá, ọmọ tó tẹ̀lé Ìdòwú, ni wọ́n kọ sẹ́yìn jẹ́sì rẹ̀ tí gbogbo ayé ń kà. Heynckes ni akọ́nimọ̀ọ́gbá tó jẹ́ kó fẹsẹ̀ múlẹ̀ ní ẹ̀yìn lọ́wọ́ òsì ní Bayern Munich, ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù Jámánì, tó sì jẹ́ kó dúró níbẹ̀ nígbà tí ọmọ náà ṣì ń ṣàṣìṣe. Ẹ fi gbólóhùn yẹn pamọ́ fún mi, n ó padà wá gbà á.

Àwọn àgbà wa ní, bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè ní àkísà bí àgbà. Gbogbo ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ Heynckes, aṣọ rẹ̀ ni wọ́n máa ń kà: ife mẹ́ta nínú sáà kan ṣoṣo, Champions League, ife àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù, lẹ́ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹgbẹ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Èmi ò gbé aṣọ wá. Àkísà rẹ̀, ìyẹn àwọn ìjákulẹ̀ rẹ̀, ni mo dì lérù, n ó sì tú u níwájú yín.

Aṣọ kó tó kan àkísà

Síbẹ̀, ẹ jẹ́ kí n sáré ka aṣọ díẹ̀, kí ẹ má bàa rò pé òtòṣì ni mo mú wá.

Ọjọ́ kẹsàn-án oṣù karùn-ún ọdún 1945 ni wọ́n bí i ní Mönchengladbach, ìlú tí wọ́n mọ̀ mọ́ aṣọ híhun ní ìwọ̀-oòrùn Jámánì. Ẹ gbọ́ ọjọ́ yẹn dáadáa. Ogun Àgbáyé Kejì parí ní Yúróòpù lánàá, wọ́n bí i lónìí. Alágbẹ̀dẹ ni bàbá rẹ̀. Òun ni ìkẹsàn-án nínú ọmọ mẹ́wàá. Iṣẹ́ ògiri rírẹ́ ni wọ́n fi òun náà sí kọ́. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì láàárọ̀, tó ń sáré wá sí pápá nírọ̀lẹ́ pẹ̀lú ọ́ìlì lọ́wọ́, ẹ jọ̀wọ́, ẹ má lé e nílé.

Ẹgbẹ́ ìlú rẹ̀, Borussia Mönchengladbach, ló ti bẹ̀rẹ̀, lábẹ́ bàbá kan tó ń jẹ́ Hennes Weisweiler. Lọ́dún 1965 wọ́n gòkè wọ Bundesliga, líìgì àgbà wọn. Ó lọ sí Hannover lọ́dún 1967, ó padà sílé lọ́dún 1970. Lẹ́yìn ìyẹn, líìgì 1971, 1975, 1976, 1977. Ife Jámánì lọ́dún 1973. UEFA Cup lọ́dún 1975, níbi tó ti gbá góòlù mẹ́ta wọlé nínú ilé Twente ní Netherlands. Ó wà nínú ikọ̀ Jámánì tó gba ife Yúróòpù lọ́dún 1972, ó sì wà nínú èyí tó gba ife àgbáyé lọ́dún 1974, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ méjì péré ló gbá níbẹ̀. Góòlù 220 nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 369 ní Bundesliga. Títí di bí mo ṣe ń sọ̀rọ̀ yìí, ẹni mẹ́ta péré ló gbá jù bẹ́ẹ̀ lọ níbẹ̀: Gerd Müller, Robert Lewandowski àti Klaus Fischer.

Ẹlẹ́sẹ̀ ayò ni. Aṣọ parí.

Góòlù márùn-ún tí kò tó

Àkísà àkọ́kọ́ ni ti agolo. Oṣù kẹwàá ọdún 1971, Inter Milan wá bá wọn nílé nínú ife àwọn ẹgbẹ́ Yúróòpù. Gladbach lù wọ́n 7-1. Heynckes nìkan gbá méjì. Kí ló tún kù? Agolo ló kù. Ẹnìkan láàárín èrò sọ agolo wọ pápá, ó ba Roberto Boninsegna, atamátàsé Inter, ó ṣubú, wọ́n gbé e jáde. UEFA, àjọ tó ń darí bọ́ọ̀lù Yúróòpù, fagi lé gbogbo ẹ̀. Wọ́n lọ sí Milan, Inter nà wọ́n 4-2. Wọ́n wá tún ti àkọ́kọ́ gbá ní Berlin, ọ̀mì, òdo sí òdo. Góòlù méje gba ọ̀nà agolo kan lọ. Ẹ̀yin òbí tí ẹ máa ń ju ọ̀rá omi lu réfìrí wa lọ́jọ́ Sátidé, mo ń wò yín o. Mi ò dárúkọ.

Ṣùgbọ́n àkísà tí mo fẹ́ kí ẹ fi ọwọ́ kàn dáadáa ni ti ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n oṣù kẹrin ọdún 1978. Ọjọ́ ìkẹyìn sáà ni. Ọjọ́ yẹn náà ni Heynckes máa gbá bọ́ọ̀lù kẹ́yìn ní Bundesliga. Gladbach àti Köln ní póíǹtì kan náà, ṣùgbọ́n Köln fi góòlù mẹ́wàá ṣíwájú. Ta ló wá ń kọ́ Köln lọ́dún yẹn? Weisweiler! Bàbá tó tọ́ Heynckes dàgbà nínú bọ́ọ̀lù ló jókòó sí àga òdìkejì.

Gladbach kojú Borussia Dortmund ní Düsseldorf. Kí ìṣẹ́jú kan tó pé, Heynckes ti ju bọ́ọ̀lù sáwọ̀n. Nígbà tí wọ́n lọ sinmi, ó ti di mẹ́fà. Wọ́n padà wá, ó di méje, ó di mẹ́jọ, ó ń lọ. Nígbà tí réfìrí fọn fèrè, méjìlá sí òdo ni. Ẹ jọ̀ọ́, mi ò ṣì í sọ. 12-0. Heynckes nìkan gbá márùn-ún. Wọ́n lé Otto Rehhagel tó ń kọ́ Dortmund lẹ́nu iṣẹ́. (Ọdún 26 lẹ́yìn ìyẹn ni Rehhagel yìí kan náà fi Greece gba ife Yúróòpù. Ẹ má tètè fi ọwọ́ rọ́ ẹnikẹ́ni sẹ́yìn.)

Ṣé Gladbach gba líìgì? Wọn ò gbà á. Köln náà lọ gbá márùn-ún wọlé níwájú St. Pauli, ó sì fi góòlù mẹ́ta gba ife.

Mo fẹ́ bi yín léèrè, ẹ̀yin ọmọ mi tó ń gbá iwájú: kí ni atamátàsé tún lè ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ? Lọ́jọ́ ìdágbére, ó gbá márùn-ún, ife kò sì wálé. Ibi tí agbára ẹsẹ̀ ẹnìkan dé nìyẹn. Ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn náà ó pé ẹni ọdún 33, ó ti gbé bàtà kọ́.

Akọ́ni tó ṣèlérí fún èrò

Ó ṣe igbákejì fún Udo Lattek fún sáà kan, wọ́n sì gbé ẹgbẹ́ náà lé e lọ́wọ́ lọ́dún 1979. Ẹni ọdún 34 ni. Ọdún mẹ́jọ ló lò níbẹ̀. Ife mélòó ló gbà? Kò gba ẹyọ kan. Lọ́dún 1980, Eintracht Frankfurt gba UEFA Cup mọ́ ọn lọ́wọ́ ní àṣekágbá. Ẹ rántí orúkọ Frankfurt yìí, yóò tún kanlẹ̀kùn. Lọ́dún 1984, òun, Stuttgart àti Hamburg ní iye póíǹtì kan náà ní òpin líìgì, góòlù ló yà wọ́n, òun sì ni ẹ̀kẹta. Ọdún yẹn kan náà, pẹnáritì ni Bayern fi gba ife Jámánì mọ́ ọn lọ́wọ́. Lothar Matthäus wà lára àwọn tó gbá pẹnáritì nù, Bayern yìí gan-an ló sì ń lọ lẹ́yìn ọjọ́ náà. Lọ́dún 1985, ó na Real Madrid 5-1, ó dé Madrid, wọ́n nà án 4-0, àpapọ̀ rẹ̀ di márùn-ún sí márùn-ún, wọ́n sì fi góòlù tí wọ́n gbá nílé rẹ̀ lé e jáde.

Bayern wá pè é lọ́dún 1987. Ó gba líìgì 1989 àti 1990. Inú rẹ̀ dùn lórí bákónì ní Munich lọ́dún 1990, ó sì ṣe ohun tí àgbà kì í ṣe: ó ṣèlérí fún èrò pé lọ́dún tó ń bọ̀, ife Yúróòpù làwọn máa gbé wá síbẹ̀. Ọdún tó ń bọ̀ dé. Ìpele tó ṣáájú àṣekágbá, wọ́n wà ní Belgrade níwájú Red Star, ìṣẹ́jú ìkẹyìn, bọ́ọ̀lù ta bàtà balógun Bayern, Klaus Augenthaler, ó sì wọ ilé ara wọn. Ó parí. Nígbà tó di oṣù kẹwàá ọdún 1991, Uli Hoeneß, alákòóso Bayern tó tún jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, lé e lọ. Hoeneß fúnra rẹ̀ sọ lẹ́yìn náà pé àṣìṣe tó tóbi jù tí òun ṣe nídìí iṣẹ́ ni.

Ọ̀rọ̀ Okocha

Mo mọ̀ pé ibí lẹ ti ń dúró dè mí látàárọ̀.

Ẹ̀yin àgbà, ẹ bá mi rán àwọn ọmọ létí ọdún 1994. Ọdún tí Súpà Íígù gba ife Áfíríkà ní Tunisia. Ọdún tí Rashidi Yekini di àwọ̀n mú ní Amẹ́ríkà, tó ń bá Ọlọ́run sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀. Jay-Jay Okocha jẹ́ ọmọ ọdún 21. Ọdún tó ṣáájú, ó ti gbá góòlù kan fún Eintracht Frankfurt níwájú Karlsruhe: ó yí sọ́tùn-ún, ó yí sósì, ó tún padà, Oliver Kahn tó ń ṣọ́lé ń yí nílẹ̀ bí ẹni tó ń wá owó tó bọ́. Gbogbo Jámánì ló wo góòlù yẹn ní àwòtúnwò.

Àárín ọdún 1994 ni Heynckes dé Frankfurt, láti Bilbao ní Spain. Ó bá Okocha níbẹ̀. Ó bá Anthony Yeboah, ọmọ Ghana, balógun ikọ̀, ẹni tó ti wà lórí àwọn tó gbá góòlù jù ní Bundesliga fún ọdún méjì tẹ̀léra. Ó bá Maurizio Gaudino. Ní ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kejìlá, ó ní wọn ò fi gbogbo ara ṣe ìdánrawò, ó ní kí wọ́n lọ máa sáré kún un. Ilẹ̀ mọ́, wọ́n fẹ́ kojú Hamburg. Àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ní àwọn ò sí nínú ipò ẹni tó lè gbá bọ́ọ̀lù. Heynckes yọ wọ́n kúrò nínú ikọ̀.

Yeboah gba Leeds lọ. Gaudino gba Manchester City lọ. Okocha ló kù, tó padà sínú ikọ̀. Heynckes fúnra rẹ̀ kò parí sáà: oṣù kẹrin ọdún 1995 ló fi ipò sílẹ̀. Lọ́dún 1996, Frankfurt já bọ́ sí líìgì kejì, Okocha sì kọjá sí Turkey.

Ta ló jẹ̀bi?

Nígbà yẹn, èmi ti dá ẹjọ́ náà. Mo ní òyìnbó yìí kórìíra ọmọ wa ni. Ní gbogbo ìsọ̀ oníròyìn tí mo bá ti dúró, mo máa ń sọ ọ́ fatafata. Mi ò rò bẹ́ẹ̀ mọ́. Èrò tèmi ni mo fẹ́ sọ yìí o, Heynckes kò sọ ọ́ fún mi. Ọmọ alágbẹ̀dẹ, ọmọ kẹsàn-án, arẹ́ògiri, gbogbo góòlù tó gbá, òógùn ló fi rà á. Ó wá rí ọmọ kan tí bọ́ọ̀lù ń bá ṣeré bí ajá ṣe ń bá olówó rẹ̀ ṣeré, tó ń rẹ́rìn-ín nígbà tó ń ṣe é. Ẹni tó fi òógùn ra nǹkan, tó bá rí ẹni tí wọ́n fún lọ́fẹ̀ẹ́, ó rọrùn kó pè é ní ọ̀lẹ.

Báwo ni mo ṣe mọ̀? Nítorí pé èmi náà ní Okocha tèmi.

Ọdún 1998 ni. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ girama kan ní bọ́ọ̀lù. Ọmọkùnrin kan wà níbẹ̀, ẹlẹ́sẹ̀ òsì. Orúkọ rẹ̀ ò kàn yín. Ó máa ń pẹ́ dé, torí pé ó ní láti bá ìyá rẹ̀ ta kẹrosíìnì tán kó tó wá. Mo mọ̀ pé ó ń ta kẹrosíìnì. Òórùn rẹ̀ wà lára rẹ̀! Lọ́jọ́ kan tó pẹ́ dé lẹ́ẹ̀kẹta láàárín ọ̀sẹ̀ kan, mo ní kó yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú oòrùn, kí àwọn yòókù jókòó máa wò ó. Ó yí i lẹ́ẹ̀mẹ́jọ. Ó dúró. Ó bọ́ jẹ́sì rẹ̀, ó fi kọ́ òpó góòlù, ó sì ń lọ ilé. Mo kígbe pè é. Kò wẹ̀yìn. Kò wá sí pápá mọ́ títí tó fi jáde níléèwé.

A máa ń sọ pé bí a bá fi ọwọ́ òsì na ọmọ, ọwọ́ ọ̀tún là á fi fà á mọ́ra. Ọwọ́ òsì mi le lọ́jọ́ yẹn. Ọwọ́ ọ̀tún mi wà nínú àpò.

Madrid, ní kíákíá

Mi ò ní pẹ́ níbí, nítorí aṣọ ló pọ̀ níbẹ̀. Lẹ́yìn Frankfurt, ó gbé Tenerife, ẹgbẹ́ erékùṣù kékeré, dé ìpele tó ṣáájú àṣekágbá UEFA Cup lọ́dún 1997. Real Madrid wá mú un. Ọdún 32 ni Madrid ti ń wá ife Yúróòpù tí wọn ò rí i. Nígbà tí wọ́n fẹ́ kojú Dortmund nílé wọn, ọjọ́ kìíní oṣù kẹrin ọdún 1998, òpó góòlù wó lulẹ̀ kí bọ́ọ̀lù tó bẹ̀rẹ̀. Ju wákàtí kan lọ ni gbogbo ayé fi dúró kí wọ́n tó rí òmíràn gbé wá. Ní Bernabéu o! Ẹ̀yin tí ẹ máa ń fi bíríkì méjì ṣe òpó, ẹ má tijú mọ́. Wọ́n na Dortmund, wọ́n sì na Juventus 1-0 ní Amsterdam, Predrag Mijatović ló gbá a. Ife dé. Kò pẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, wọ́n ní kí Heynckes máa lọ, nítorí pé ipò kẹrin ló wà ní líìgì.

Ẹni tó fún ọ ní ohun tí o ti ń wá fún ọdún 32, o ní kó máa lọ!

Ó lọ sí Benfica; nígbà tó kúrò níbẹ̀ lọ́dún 2000, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní José Mourinho ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀. Ó padà sí Bilbao, ó lọ sí Schalke. Lọ́dún 2006 ó padà sí Gladbach, ilé rẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ni wọ́n ti ń halẹ̀ ikú mọ́ ọn nítorí bọ́ọ̀lù. Oṣù kìíní ọdún 2007, ó fi ipò sílẹ̀. Ẹni ọdún 61 ni. Gbogbo ènìyàn gbà pé ó parí.

Oṣù kẹrin ọdún 2009, Bayern lé Jürgen Klinsmann, atamátàsé mìíràn tó di akọ́ni. Ó ku ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ márùn-ún. Hoeneß gbé fóònù, ó pe ọ̀rẹ́ rẹ̀ tó lé lọ ní ọdún 18 sẹ́yìn. Ọ̀rẹ́ náà dìde. Ó ṣe ti Bayern tán, ó gba Leverkusen, níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti nà án nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì 24 àkọ́kọ́. Lọ́dún 2011, ó padà sí Bayern.

Ọmọ Ògèrè

Ó yá, ẹ mú gbólóhùn tí mo ní kí ẹ fi pamọ́ wá.

Oṣù kẹrin ọdún 2012, Bayern wà ní Madrid, ìpele tó ṣáájú àṣekágbá Champions League. Alaba jẹ́ ọmọ ọdún 19. Eré kò tíì lọ jìnnà tí bọ́ọ̀lù fi bà á lọ́wọ́ nínú ojúlé. Pẹnáritì. Ronaldo gbá a wọlé. Réfìrí fún ọmọ náà ní káàdì, káàdì yẹn sì túmọ̀ sí pé bí Bayern bá dé àṣekágbá, kò ní lè gbá. Ọmọdé ló ṣẹ̀ báyìí níwájú ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn.

Kí ni ẹ̀yin ò bá ṣe? Ẹ sọ òótọ́. Púpọ̀ nínú wa ò bá ti pè é jáde, ká fi ojú pa á lórí bẹ́ǹṣì.

Ó gbá a tán. Ó di pẹnáritì láàárín ẹgbẹ́ méjèèjì. Ta ni wọ́n kọ́kọ́ rán jáde fún Bayern? Alaba! Ọmọ tó fa pẹnáritì, ọmọ tí kò ní gbá àṣekágbá láéláé lọ́dún yẹn, òun ni wọ́n ní kó lọ ṣí i níwájú Iker Casillas. Ó gbá a wọlé. Bayern kọjá.

Mo fi èyí wé oṣù Kejìlá 1994, mo sì bi ara mi pé, ṣé ọkùnrin yìí náà ni?

Àṣekágbá wá jẹ́ ní Munich, nínú ilé Bayern fúnra rẹ̀, ọjọ́ kọkàndínlógún oṣù karùn-ún. Mo wà ní ilé ìwòran bọ́ọ̀lù kan. Gbogbo ilé jẹ́ ti Chelsea, nítorí Mikel Obi, nítorí Drogba. Èmi nìkan ni mo jókòó fún Bayern, nítorí ọmọ Ògèrè, ọmọ Ògèrè kò sì sí nínú pápá. Thomas Müller gbá ọ̀kan wọlé ní ìṣẹ́jú 83. Mo dìde. Drogba fi orí kàn án padà ní ìṣẹ́jú 88. Mo jókòó. Arjen Robben, ọmọ Netherlands tó ń gbá fún Bayern, gbá pẹnáritì nù nínú àfikún àkókò. Drogba ló tún gbá pẹnáritì ìkẹyìn. Ẹnìkan da omi lé mi lórí, mi ò tíì mọ ẹni náà títí dòní. Líìgì, ife Jámánì, Champions League, ipò kejì ni Bayern wà nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta lọ́dún yẹn. Ọjọ́ mẹ́ta lẹ́yìn àṣekágbá, Bayern gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ ọ̀rẹ́ sí ọ̀rẹ́ pẹ̀lú Netherlands nínú pápá yẹn kan náà, àwọn alátìlẹyìn Bayern sì ń hó lé Robben lórí.

Àkísà tó tóbi jù nìyẹn. Ẹ wá wo ohun tí bàbá ẹni ọdún 67 fi rán.

Kò lé Robben. Kò lé Franck Ribéry náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìwé ìròyìn gbé e pé Ribéry àti Robben bá ara wọn jà nínú yàrá ìmúra nínú oṣù kẹrin ọdún 2012. Iṣẹ́ ló fún wọn. Àwọn ìràwọ̀ méjì tí wọn kì í wẹ̀yìn tẹ́lẹ̀ wá ń sáré padà wá bá àwọn ẹ̀yìn gbá, Ribéry níwájú Alaba lósì, Robben níwájú Philipp Lahm lọ́tùn-ún. Ẹ ṣàkíyèsí o, eré sísá kan náà ló ń béèrè, èyí tó béèrè lọ́wọ́ Okocha. Ohùn tó fi béèrè ló yàtọ̀.

Oṣù kìíní ọdún 2013, Bayern kéde pé Guardiola ló ń bọ̀ ní òpin sáà. Wọ́n ti ta àga mọ́ bàbá nídìí, ó sì ku oṣù márùn-ún. Èmi ni, n bá ti bínú lọ sílé. Ó dúró, ó ń ṣiṣẹ́ rẹ̀. Póíǹtì 91. Àlàfo 25 sí ẹni kejì. Góòlù 18 péré ni wọ́n gbá wọlé rẹ̀ ní gbogbo líìgì, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni wọ́n sì nà án. Nígbà tí Juventus wá sí Munich, ìṣẹ́jú kan kò pé tí Alaba fi jù ú sáwọ̀n láti òkèèrè. Barcelona wá, 4-0. Wọ́n lọ bá Barcelona nílé, 3-0. Méje! Ní ilé ìwòran, gbogbo àwọn tó da omi lé mi lórí ti di ará Bayern.

Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n oṣù karùn-ún, Wembley, Dortmund ni wọ́n kojú. Ọ̀kan sí ọ̀kan. Ó ku ìṣẹ́jú kan kí àádọ́rùn-ún pé. Bọ́ọ̀lù gígùn dé ọ̀dọ̀ Ribéry, ó fi gìgísẹ̀ tì í sẹ́yìn. Ta ló ń bọ̀? Robben. Àwọn méjì yẹn gan-an! Robben rọra fi ẹsẹ̀ òsì yí i kọjá aṣọ́lé, ó ń yí lọ jẹ́jẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ dé, ó dé. 2-1. Ọ̀sẹ̀ kan lẹ́yìn náà wọ́n na Stuttgart 3-2 fún ife Jámánì. Ẹgbẹ́ Jámánì kankan kò gba mẹ́tẹ̀ẹ̀ta nínú sáà kan rí ṣáájú wọn.

Ṣùgbọ́n ní tèmi, ọjọ́ tó dùn mọ́ mi jù ni ọ̀sẹ̀ kan ṣáájú Wembley. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ líìgì ìkẹyìn sáà náà bọ́ sí Mönchengladbach. Gladbach ti fi 3-1 ṣíwájú kí Bayern tó padà na wọ́n 4-3. Lẹ́yìn rẹ̀, bàbá jókòó níwájú àwọn oníròyìn nílùú tí wọ́n ti bí i, tí wọ́n ti halẹ̀ ikú mọ́ ọn, omi sì bọ́ lójú rẹ̀.

Frankfurt lẹ́ẹ̀kan sí i

Ó lọ sílé rẹ̀ ní Schwalmtal, abúlé kan nítòsí Gladbach, pẹ̀lú Iris ìyàwó rẹ̀ àti Cando ajá rẹ̀. Oṣù kẹwàá ọdún 2017, fóònù tún dún. Hoeneß ni. Bayern ti lé Carlo Ancelotti, Dortmund sì fi póíǹtì márùn-ún ṣíwájú. Ẹni ọdún 72 padà wọ pápá. Nígbà tí líìgì parí, póíǹtì 21 ló fi ju ẹni kejì lọ.

Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ tó gbẹ̀yìn ayé rẹ̀ nídìí iṣẹ́ wá jẹ́ àṣekágbá ife Jámánì ní Berlin, oṣù karùn-ún ọdún 2018. Ta ni wọ́n gbé ko ó lójú? Eintracht Frankfurt. Wọ́n nà án 3-1. Niko Kovač tó nà án náà ló sì ń bọ̀ wá gba àga rẹ̀ ní Bayern. Frankfurt 1980, Frankfurt 1994, Frankfurt 2018. Àkísà kan wà tí abẹ́rẹ́ kì í ràn.

Mo rí ọmọkùnrin ẹlẹ́sẹ̀ òsì mi lọ́dún tó kọjá, ní gáréèjì. Ó ti di awakọ̀, ó ti ní irungbọ̀n. Ó dọ̀bálẹ̀ kí mi. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin jókòó síwájú ọkọ̀, bọ́ọ̀lù lórí itan rẹ̀. Mo bi í bóyá ọmọ náà ń gbá. Ó ní ó ń gbá, ẹsẹ̀ òsì. Ó wá wò mí lójú, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ó ní, "Tíṣà, ṣé ẹ ṣì ń ní kí wọ́n yí pápá po lẹ́ẹ̀mẹ́ẹ̀ẹ́dógún?"

Mo ní, "Rárá o. Mo ti fi sílẹ̀ tipẹ́."

Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀yìn yẹn, ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo ní ẹ má rẹ́rìn-ín! Alága, wọ́n ti tú mi fó. Ẹni tó bá ní ìbéèrè, kó na ọwọ́ sókè.